Bí A Ṣe Yan Ẹ̀rọ Ìlagi fún Orrin

Gbogbo ará East Barlow ló rò pé àwọn mọ Orrin Hazen, wọn ò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé òun ló fi ọkọ̀ ńlá kó yìnyín kúrò lójú títì wọn fún ọdún gbọọrọ, tó ń da iyọ̀ sílẹ̀ kí mọ́tò wọn má baà yọ̀ ṣubú sí kòtò. Wọ́n mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi Verna, tí mo ti ń bá a sùn, tí mo ń bá a jí láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì pọ̀, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tí kò lè tètè yan nǹkan ni. Bàtà lásán, yóò lọ sí ilé ìtajà títí, yóò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò, yóò fà á, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Èmi gan-an, ó fi ọdún mẹ́rin máa wò mí kó tó la ẹnu sọ ohun tó yẹ kí ọkùnrin sọ. Bàbá mi ní bóyá ajá wa ló ń wá wò.

Àmọ́ tó bá ti yan nǹkan tán, ó parí nìyẹn. Ó yàn mí, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí nǹkan tó wúwo tí Orrin gbé tí kì í ṣe èmi ni mo wà ní orí kejì. Igi ìdáná, òun á gé e, èmi á tò ó. Koríko màlúù, òun á gbé e sókè, èmi á wà lórí ọkọ̀, màá gbà á. Nígbà tí yìnyín bá ń yọ́ tí omi sì ń sun lára igi mépù, òun á ru korobá wá, èmi á máa koná mọ́ abẹ́ agbada irin bàbá mi títí omi náà yóò fi ki, tí yóò sì dùn bí oyin. A kì í sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ kí n sún sí ọ̀tún, á kàn gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè sí mi. Àwọn obìnrin kan wà tí ọkọ wọn ń ra òdòdó fún wọn. Tèmi, àgbọ̀n ló ń gbé sí mi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. N ò bá ẹnikẹ́ni pín in, kò sì sí lọ́kàn mi láti bá ẹnikẹ́ni pín in.

Àwọn mépù tó wà lẹ́bàá títì wa, bàbá bàbá mi ló gbìn wọ́n. Iyọ̀ ọdọọdún ti bà wọ́n jẹ́. Iyọ̀ kan náà tí ọkọ mi ń dà ni o, mo sì máa ń rán an létí. Orí wọn ti ń gbẹ, ẹ̀ka ń já lu ojú ọ̀nà, ni ìjọba ìlú bá ní kí a gé wọn. Orrin gé mẹ́ta, ó jókòó sórí ìtì kan, ó ń fi ọwọ́ pa á lára.

"Verna, n ò lè fi èyí dáná."

"Kí lo wá fẹ́ fi ṣe?"

"Pákó ni. Màá là á. Màá fi tẹ́ ilẹ̀ ilé ìdáná rẹ."

Ẹnu èmi náà ló ti kọ́kọ́ jáde pé kó ra ẹ̀rọ ìlagi kékeré, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì fi ń dára wọn lára yá lágbàlá. Mo ti rí wa lọ́kàn mi, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, pákó ń jáde. Orí mi kò pé lọ́jọ́ náà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yàn nìyẹn. Ó wo èyí tí wọ́n ń de ayùn ẹ́ńjìnì mọ́ irin lásán. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ayùn rẹ̀ nípọn, tó bá máa fi la igi tán, ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pákó tó rí. Ó wo èyí tí ayùn rẹ̀ rí roboto, tó ń là á ní ìbú, tó tún ń dìde là á ní òòró. Ìyẹn dára fún igi ńlá, àmọ́ pákó rẹ̀ kì í fẹ̀. Ó wo oníbẹ́líìtì, èyí tí ayùn rẹ̀ jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí lórí wíìlì méjì. Ìyẹn kì í fi igi ṣòfò, ó sì wù ú. Oníbẹ́líìtì náà tún wá pín sí méjì. Ọ̀kan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ìtì igi sórí rẹ̀, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń ti ayùn, ó sì ń fẹ́ èèyàn méjì. Èkejì ní apá irin. Ó ń dá ìtì gbé, ó ń dá a yí. Ìyẹn wọ́n bí ojú. Orrin ní ọ̀lẹ ló ń ra irú rẹ̀. Ìwé àwọn tó ń tà á kún orí tábìlì wa débi pé orí itan la ti ń jẹun.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Èèyàn ò lè ra ohun tí kò tíì fi ṣiṣẹ́. Colette Gagnon ní ọ̀kan, èyí tí à ń fọwọ́ yí ni. Màá lọ fi dánra wò ní Sátidé."

Opó ni Colette. Armand ọkọ rẹ̀ kú, ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún un lábẹ́ páánù lókè lọ́hùn-ún. Colette ga, apá rẹ̀ yi, okùn ìgbé-ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ ló máa ń fà sí èjìká, ó sì mọ dónọ́ọ̀tì dín. N ò ní parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ká ní èèyàn burúkú ni, ǹ bá rí nǹkan bú.

Sátidé àkọ́kọ́, èmi náà ní kó máa lọ. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi nínú irun, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwo ẹ̀wà tí mo gbé síwájú rẹ̀.

"Báwo ni?" ni mo bi í.

"Ó dára."

"Ẹ̀rọ náà ńkọ́?"

"Ó dára."

Sátidé kejì, "ó dára" kan náà ni, àmọ́ kò jẹ ẹ̀wà tán. Ó ti yó wálé. Lọ́jọ́ kejì mo dín dónọ́ọ̀tì tèmi, mo dúró tì í kó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́, ó ní ó dára. Ó tún wá rò ó díẹ̀, ó ní, "Colette máa ń da omi mépù díẹ̀ sí tirẹ̀." Mo gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Orrin, tí o bá la pákó tán, ta ló ń gbà á?"

"Colette."

"Ta ló ń bá ọ yí ìtì?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ẹni tó ń bá a mí. "Colette náà ni. Àwa méjì la wà ńbẹ̀."

Orí mi gbóná. Mo dìde, mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ lè bi mí pé kí ló burú ńbẹ̀. Tí ọkọ mi bá lọ fẹnu ko obìnrin lẹ́nu, ojú á tì í, á wálé wá jẹ́wọ́, màá fi ìjánu ẹṣin lé e yí ilé ká, ó tán. Àmọ́ orí kejì ìtì igi, ibẹ̀ ni àyè mi. Kò sí ibòmíràn tí mo ní.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ṣe páì ápù, mo ní mo fẹ́ gbé e lọ fún Colette, nítorí pé ta ló ń se nǹkan fún opó. Irọ́ ni. Mo fẹ́ lọ ṣọ́ wọn ni. Mo gbé mọ́tò sí ìsàlẹ̀ òkè, mo fẹsẹ̀ rìn gòkè, mo fara pamọ́ sẹ́yìn igi tí wọ́n tò. Ẹ́ńjìnì ń ké, wọn ò lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Orrin fi irin ìyígi kọ́ ìtì, Colette fi tirẹ̀ kọ́ ọ ní òdìkejì. Orrin gbé àgbọ̀n.

Ó gbé àgbọ̀n sí i, obìnrin náà sì mọ ohun tó ń sọ. Ó sún sí ọ̀tún, ìtì náà yí, ó jókòó sí àyè rẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò sẹ́ni tó la ẹnu nínú wọn. Ó dùn mí wọra. Owú mú mi débi pé mo fún páì náà mọ́ àyà, omi ápù ń kán sí búláòsì mi, n ò sì mọ̀. Ṣé ẹ rí i, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ni, tí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, ǹ bá fara mọ́ ọn. Mo padà sínú mọ́tò, mo fi ọwọ́ jẹ ìdajì páì náà, mo da ìyókù fún ẹyẹ.

Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi gbọ́. Ní alẹ́ páì adìyẹ, àsè tí ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń ṣe nígbà tí ewé bá ń pọ́n, àwa àti Colette bára wa lórí tábìlì kan náà. Burleigh tó ni ilé ìtajà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ti àwo rẹ̀ síwájú.

"Orrin, ẹ̀rọ lò ń yàn lókè lọ́hùn-ún ni, àbí ẹni tó ni ẹ̀rọ?"

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Orrin pọ́n dé etí, ó ń fi fọ́ọ̀kì wá adìyẹ kiri inú àwo.

"Ẹ fi ọkùnrin náà sílẹ̀ jàre," ni Colette wí. "Verna kàn yá mi ní Sátidé nìkan ni. Tirẹ̀ ni gbogbo ọjọ́ tó kù."

"N ò yá ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan," ni mo dá a lóhùn. "Ẹni tó bá sì mú nǹkan onínǹkan láìtọrọ, ó ní orúkọ tí wọ́n ń pè é."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó fẹ́ kọfí. Colette wò mí, kò bínú, ó kàn ti abọ́ kan sí mi. "Gba elégédé, Verna, kó tó tutù." Mo bù ú. Elégédé náà dùn, òun ló sì sè é. Mo jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú ìbínú.

Lẹ́yìn èyí ni Orrin wọ́ àkọ́kọ́ nínú mépù bàbá bàbá mi lọ sí ọ̀dọ̀ Colette. Gbogbo ẹni tó ń la mépù ẹ̀bá títì níbí ló mọ̀ pé irin lè wà nínú rẹ̀. Irin kékeré tí à ń gún sára igi kí omi lè máa kán sí korobá, a máa ń gbàgbé òmíràn síbẹ̀, èèpo á bò ó, igi á gbé e mì. Nítorí náà, wọ́n á wọn ìtì láti ìdí dé ibi tí ìgbáròkó èèyàn mọ, wọ́n á gé ìyẹn kúrò, nítorí pé ibẹ̀ ni èèyàn ń gún un sí. Orrin wọ̀n ọ́n dé ìgbáròkó. Ó bi Colette bóyá ó tó, Colette ní ó tó. Wọ́n gé e, wọ́n tan ẹ̀rọ. Ayùn lọ dé àárín, ó kan irin, ó já.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Orí yìnyín la máa ń dúró gún igi. Lọ́dún tí yìnyín bá pọ̀, a lè dúró lórí yìnyín tó ga dé àyà èèyàn, ká sì gún igi níbi tí ìgbáròkó wa mọ lórí rẹ̀. Tó bá wá yọ́ tán, korobá á wà lókè orí wa, ọwọ́ wa ò ní tó o. Èmi ni mo máa ń gbé korobá wọ̀nyẹn kọ́ láti kékeré. Mo mọ igi tí a gún lọ́dún yìnyín ńlá, mo mọ ẹ̀gbẹ́ tí irin wà. Ká ní Orrin bi mí ni, ǹ bá ti fi ìka kàn án fún un. Kò bi mí. Colette ló bi, obìnrin tí bàbá rẹ̀ ti Quebec, lódìkejì ààlà, wá, tí kò fọwọ́ kan mépù wa rí láyé rẹ̀.

Burleigh ti sọ fún mi kí Orrin tó wọlé.

"Ayùn Colette já," ni Orrin wí.

"Mo ti gbọ́. Igi bàbá bàbá mi, kí ló dé tí o ò bi mí?"

"O ò sí ńbẹ̀, Verna."

"Ṣé o ní kí n wá?"

Ó ronú sí i. Orrin kì í dáhùn kó tó ronú. "Mo rò pé ó ti sú ọ ni. Ọjọ́ pẹ́ tí o ti ń gbé nǹkan wúwo. Mo rò pé kí o máa sinmi."

Ó bọ́ bàtà, ó tò ó, ó wá sọ èyí tó wà nínú rẹ̀ gan-an. "Colette fẹ́ ta ẹ̀rọ náà fún mi. Owó pọ́ọ́kú ni. Á wà lábẹ́ páánù rẹ̀ lọ́hùn-ún, òun á sì máa bá mi gba pákó. Mo rò pé ìyẹn ni màá yàn."

Ẹ gbà mí. Ọkùnrin tí kì í lè yan bàtà ti yàn.

"Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kí ló ṣe ẹ̀yìn mi?"

"Ó ń dùn ọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti òní. Wò ó, Orrin, ra alápá irin. Ìyẹn ò fẹ́ ẹnì kejì. Ibí ló máa wà, lágbàlá wa, o ò ní máa gun òkè kiri láti lọ yọ èèyàn lẹ́nu."

"Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń tà á?"

"Mo mọ̀. Màá wá owó náà."

Agbada irin bàbá mi ni mo tà, mo kó owó tí mo ti ń fi pamọ́ kún un. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀dì, àwọn tọkọtaya kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ìlú ńlá ti ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi tipẹ́. Èmi àti Orrin la gbé e sínú ọkọ̀ wọn, òun ní orí kan, èmi ní orí kejì. Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ tán, ó ń wo ilé kékeré tí a ti ń se omi mépù, tí àárín rẹ̀ ti ṣófo.

"Tí yìnyín bá ń yọ́ ńkọ́?" ló bi mí. "Kí la fẹ́ fi se omi?"

"Mépù ti ń kú."

"Àwọn ti ẹ̀yìn ilé ò kú."

Mo mọ̀ pé wọn ò kú. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ọwọ́ Colette kúrò lórí ìtì ọkọ mi, mo sì lè ta òrùlé ilé láti mú un kúrò.

Ẹ̀rọ náà dé. Pupa ni, ó ń dán, ó ní ọ̀pá kéékèèké tó tò ní ẹ̀gbẹ́ kan. Orrin fi ọjọ́ bíi mélòó kan mọ èyí tó ń gbé yàtọ̀ sí èyí tó ń yí. Lọ́jọ́ tó fẹ́ la mépù, mo so irun mi, mo wọ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́, mo kọ́kọ́ fi ibi tí irin wà nínú ìtì hàn án. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, ó ní, "O ṣé." Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ kí inú àgbàlagbà dùn lọ. Mo bọ́ sí òdìkejì, mo dúró síbi tí ẹnì kejì ń dúró.

Ó fa ọ̀pá kan. Apá irin gbé ìtì náà bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ, ó yí i, ó dì í mú. Mo ti na ọwọ́ méjèèjì, kò sí nǹkan tí wọ́n máa dì mú. Ayùn lọ dé ìpẹ̀kun. Pákó àkọ́kọ́ tú, ó funfun bíi mílíìkì, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbà á. Ẹ̀rọ náà ní èékánná irin lẹ́yìn ayùn. Bí Orrin ṣe ń dá ayùn padà, èékánná wọ́ pákó náà kúrò níwájú mi, ó gbé e lọ bá a, Orrin sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo kígbe sí i. Ó pa ẹ́ńjìnì, ó ṣí ohun tó fi dí etí.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ibo ni kí n dúró."

Ó wo ẹ̀rọ náà yí po, ó fẹ́ rí àyè fún mi ní tòótọ́. Kò rí i. "Orí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ló dára jù," ló wí. "Apá yìí lè kán ẹsẹ̀ rẹ. Lọ jókòó, Ìyá. Ìwọ lo bá mi yàn án, o sì yàn án dáadáa. N ò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́."

Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó dí etí rẹ̀ padà.

Orí àtẹ̀gùn náà ni mo wà nígbà tí Colette dé. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní òun wá wo alápá irin tí wọ́n ń sọ, bóyá a sì ń fẹ́ kí ẹnì kan bá wa gbé nǹkan. Ó dúró tì mí. Àwa méjèèjì ń wò ó. Orrin fa ọ̀pá, ìtì yí. Orrin fa ọ̀pá, pákó padà wá bá a. Ó ń súfèé, a rí ètè rẹ̀, a ò gbọ́.

"Ẹnì kejì ńkọ́?" ni Colette bi mí. "Ibo ló ń dúró?"

"Kò sí ẹnì kejì."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó bọ́ èkejì, ó kì wọ́n bọ àpò. Láti ìgbà tí Armand ti kú, kò sí ibì kan tí wọ́n ti ń fẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí àfi Sátidé yẹn. Mo rí i lójú rẹ̀ kedere, nítorí pé ohun tó wà lójú tèmi náà nìyẹn. Odidi àkókò yẹn ni mo fi jowú rẹ̀. Ní báyìí irin ni mò ń jowú, agbada bàbá mi ni mo sì fi rà á.

"Jókòó," ni mo wí fún un.

Ó jókòó. Orrin yíjú, ó rí wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, ojú rẹ̀ tàn pé a ti parí ìjà wa nígbẹ̀yìn. Ó juwọ́ sí wa, ó sì fa ọ̀pá gbé ìtì mìíràn.